Àlùmọ́gàjí Inú Mùdùnmúdùn

Aago méjì òru. Iná ti lọ,
jẹnẹrétọ̀ ọsibítù ń kùn lẹ́yìn ògiri.
Mo tẹ ojú mọ́ awò, mo ń ka àwọn funfun
nínú ẹ̀jẹ̀ Mutíátù,
ọmọ ọdún mẹ́ta láti Òkèlele
tí èèyí gbé dè mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ní ìrọ̀lẹ́ àná ó béèrè wàrà.
Ó ní kí wọ́n dín in.

Ta ló fi èèyí han ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?
Wọn kò pàdé rí. Ìyá rẹ̀ kò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́.

Bàbá mi, Salmánù aránṣọ ní Pakata,
ní àlùmọ́gàjí kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.
Inú àpótí ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ ń gbé ọrùn bàbá.
"Ìlú tí wọ́n ti ń lọ irin la wà," ni yóò wí,
"ẹnu irin wa mú ju sùúrù wa lọ.
Aṣọ tí mi ò tíì wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì,
kí ni mo fẹ́ fi irin wá níbẹ̀?"

Ó ti kú kí n tó kà á nínú ìwé
pé egungun náà ní àpótí.

Ẹ̀dọ̀ kì í gé ogún rẹ̀. Ọkàn kì í gé tirẹ̀.
Sẹ́ẹ̀lì kékeré yìí nìkan, nínú mùdùnmúdùn,
ni wọ́n yọ̀ǹda fún kó fi irin kan ohun tí a bí i bá.
Àjákù ni ogún náà: ogójì irú èyí,
ogún lé díẹ̀ irú ìyẹn, mẹ́fà péré irú ìkẹta,
kíká ni wọ́n ká a, bí aṣọ ìsàlẹ̀ àpótí.
Ibi tí wọn kò bá tú, irin kò ríbi wọ̀.
Àmì wà létí àjákù kọ̀ọ̀kan, bí ìlà ṣọ́ọ̀kì;
àmì kúkúrú gbọ́dọ̀ bá gígùn pàdé
kí ẹnu irin tó pa dé.

Ó gé.
Èyí tó wà láàárín ká bí òrùka, ó bọ́ sílẹ̀.
Kí wọ́n tó rán etí méjèèjì pọ̀, ọwọ́ kan
ki òwú díẹ̀ bọ̀ ọ́, òwú tí kò wá láti ọ̀dọ̀ bàbá,
tí kò wá láti ọ̀dọ̀ ìyá.
Níbẹ̀ gan-an, lójú rírán yẹn,
ni Mutíátù ti bá èèyí pàdé
kí èèyí tó wọ Òkèlele.

Bí ti bàbá bá bọ́ sí i, ti ìyá a dákẹ́:
ọrùn kan kì í wọ ẹ̀wù méjì.
Wọ́n á ti àpótí.
Èyí tó bá sì fi ẹ̀wù tuntun bú ara ilé
kò ní rí ìta. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ìta.

Làmídì ọmọ iṣẹ́ jí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kan, nírọ̀lẹ́, láìtan fìtílà.
Ó gé agbádá oníbàárà, ó rán an mọ́ ṣòkòtò ẹlòmíì.
A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, Ṣàkírù, ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni fi ọsàn há ẹnu.
Irin gé ibi tí kò yẹ nínú sẹ́ẹ̀lì kan,
wọ́n rán an mọ́ ibi tí a kọ *máa pọ̀ sí i* sí,
kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó tó.
Irin kan náà ni. Òun ló jẹ́ kí n máa kàwé lóru.

Iná dé. Mo kọ iye àwọn funfun sílẹ̀.
Ìyá Mutíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́,
kò béèrè nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ lọ sùn."

Kọ́kọ́rọ́ bàbá wà nínú báàgì mi.
Láti ọdún tó ti lọ,
mi ò tíì rí aṣọ tó tó gé.