Ìgò Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọdún tí wọ́n bí Dọ̀míngà
ni ọ̀gá Faransé palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Àjàṣẹ́.
Ó fi ìgò ọtí pupa kan lé Bàbá Sẹfẹrínù, agbáwo rẹ̀, lọ́wọ́,
ó ní, "Jẹ́ kó gbó."
Kò sọ ọdún mélòó.

Bàbá ò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀.
Ó tẹ́ ìgò sínú amù àtijọ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Àgùdà,
ó fi iyanrìn ọ̀sà bò ó,
alaalẹ́ ló ń bomi wọ́n iyanrìn náà
bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́ tí kò ní hù.
Ìyàwó rẹ̀ ní, "Èwo nínú yín ni mo fẹ́?"

Ọdún mẹ́tàlélógójì.
Nínú ọyẹ́ tó kọjá ló ní ká gbé e dìde,
kó dúró lóòró mọ́jú,
kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sùn sísàlẹ̀.

Ìdérí já sí méjì.
Ó fi abẹ́rẹ́ ìránpò yọ ìyókù,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.
Ó tan àbẹ́là sẹ́yìn ọrùn ìgò, ó ń dà á sínú jọ́ọ̀gì,
ọwọ́ tó ń da ẹ̀kọ sáyà láràárọ̀
kò gbọ̀n.
Nígbà tí òkùnkùn yọ́ dé ọrùn ìgò, ó dáwọ́ dúró.

Mo tọ́ ọ wò: omi ìṣanwó.
Mo ní, "Ó ti bàjẹ́."
Kò dá mi lóhùn. Ó ní ká jẹ́ kó mí.

Ó tún gbé ife fún mi nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí òrùlé:
ewé tábà, awọ bàtà tó gbá òjò,
àti lẹ́yìn gbogbo wọn, agbálùmọ̀ kan
tí ẹnì kan gbàgbé sínú àpótí aṣọ.
Pupa rẹ̀ ti di pupa bíríkì ògiri wa.
"Ó gbó ni," Bàbá wí. "Kò kan."

Dọ̀míngà gbé tirẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní sódábì dùn jù ú lọ.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òórùn náà ti lọ.
Ife rẹ̀ ṣófo, kò gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìgò wa ti dé ìkòríta,
láàárín ìgò àwọn tó ń ta bẹntiróòlù,
ó kún dé ọrùn, orúkọ Faransé ṣì wà láyà rẹ̀.
Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó sójú oòrùn.
"Èyí," ó wí fún ọmọ tó ń tà á,
"kò tíì gbó."