Kẹ̀kẹ́ Bàbá Ṣódẹ́yìndé

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìtòkò,
ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀.
Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì
ìgbálẹ̀ mi ti ń ha sìmẹ́ńtì.
Wọ́n á ní, "Ẹ wo Ṣóbọ̀wálé, ènìyàn Ọlọ́run!"
Mo máa ń rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

N ó wí i báyìí tí eyín ti ń yọ lẹ́nu mi.
Alẹ́ ọjọ́ ìkórè, mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún,
mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí:
pọ́n-ùn mọ́kànlá, ṣílè mẹ́ta.
Ebi ò pa mí.
Mo fi ra bàtà aláwọ̀ méjì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Ìbàdàn,
mo fi ṣe fáàrí fún ọmọbìnrin kan
tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.
Nígbà tí mo padà sọ̀ kalẹ̀ ní Láfẹ́nwá
bàtà náà ti ń há mi lẹ́sẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Owó pé nínú ìwé.
Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.
Mo ní, ó dáa, n ó san án lábẹ́lẹ̀.
Mo gbálẹ̀. Mo pọnmi. Mo nu fèrèsé.
Mo gun orí àpáta lọ gbàdúrà títí orúnkún mi fi bó,
mo gbààwẹ̀ títí ojú mi fi jìn bí kànga ẹ̀ẹ̀rùn,
mo sì ń ṣírò: ó ku ṣílè mélòó?
Ṣùgbọ́n gbèsè náà ń bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ń bímọ.
Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sọ mí di ìwọ̀fà.
Ìyá mi, aláró ní Ìtòkú, a máa wí pé
omi tí a fi rẹ aṣọ láró,
a kì í tún fi í fọ̀ ọ́ kó funfun.

Lásìkò ọyẹ́ èṣín wọ́n ránṣẹ́ pè mí.
Bàbá Ṣódẹ́yìndé, katikíìsì àtijọ́, wà lórí ẹní,
ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú.
Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, owó ìkórè ọdún yẹn..."
"Pọ́n-ùn mọ́kànlá, ṣílè mẹ́ta," ni ó wí.
"Mo rí ọ lójú fèrèsé."
Fáànù ń ké wíì, wíì lókè orí wa.
"Ṣé o ò ṣàkíyèsí pé mi ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kejì?"

Kẹ̀kẹ́ Rálè! Kẹ̀kẹ́ dúdú tó ń dán bí ẹyinjú,
tó fi ń lọ wàásù ní Òsíẹ̀lẹ̀!
Mo rántí. Mo rántí eruku lára ṣòkòtò rẹ̀,
mo rántí pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ẹgbẹ́ mi:
ahun ni katikíìsì, kò fẹ́ ra táyà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"
"Mo sọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń sọ pé a ti san án.
Ariwo ìgbálẹ̀ rẹ ni ò jẹ́ kí o gbọ́.
Bí mo bá ta ọ́ lọ́rẹ, tí o ń gbé owó rẹ̀ wá lójoojúmọ́,
ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, àbí oníbàárà?
Ẹlòmíì ni mo sì kọ́ ọ lára rẹ̀, Ṣóbọ̀wálé.
Kẹ̀kẹ́ lásán ni èmi tà.
Òun ò ní kẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀
lórí òkè kan tí kì í ṣe Olúmọ."

Mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀.
Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Nígbà tí mo jáde, oòrùn wà lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà,
ọmọ kan ń yí táyà lọ nísàlẹ̀ òkè.

Ọjọ́ kejì, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere.
Mo ṣì ń gbálẹ̀ o, eruku ò gbọ́ ìwàásù.
Àwọn òru kan wà tí ìṣírò náà ń kan ilẹ̀kùn,
tó ń béèrè pé, mélòó ló kù?
Mo máa ń yí ìhà padà lórí ẹní,
mo máa ń dá a lóhùn pé, "Kẹ̀kẹ́,"
mo sì máa ń sùn lọ.