Ìwọ̀n Omi ní Láfẹ́nwá

Ihò tí wáyà ń gbà wọnú fóònù Bàbá ti dípẹtà.
Ó já bọ́ sódò lẹ́ẹ̀kan, nídìí afárá Láfẹ́nwá;
wọ́n fi àwọ̀n yọ ọ́, wọ́n rì í mọ́ ìrẹsì fọ́jọ́ mẹ́ta,
ó jí.
Láti ìgbà náà, bí o bá wọ́ wáyà sọ́tùn-ún díẹ̀,
tí o sì rọra mí, yóò gba iná.
Iná nìkan ló ń gbà. Kì í gba ọ̀rọ̀.

Mo gbé e lọ bá Ṣódípọ̀ ní Ṣàpọ́n,
ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀yìn ti àpáta.
“Kò dìgbà tí wọ́n bá fara kanra,” ló wí,
“kí wọ́n ṣáà wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà,
bí ọmọ ìyá méjì tó ń bínú síra wọn nínú ilé kan.”

Nọ́ńbà gígùn kan yọ, àmì tó-tó-tó láàárín rẹ̀
bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú eérú.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì í tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.
Fóònù béèrè: ṣé kí n gbà fún un?
Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi dáhùn fún Bàbá?
Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Igba fáìlì ó lé mọ́kànlá.
Kò sí fọ́tò níbẹ̀, kò sí ìwàásù,
ohùn ni gbogbo rẹ̀.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bàbá fi wọn odò Ògùn fún ìjọba.
Wọ́n fún un ní lẹ́tà, wọ́n fún un ní aago ògiri,
wọ́n ní ó tó, kó lọ sinmi.
Kò dẹ́kun lílọ.
Ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń sọ ọ́ sí fóònù létí:
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, íǹṣì méjì. Omi dúdú díẹ̀.
Ọjọ́rú. Ẹsẹ̀ mẹ́rin géérégé. Igi kan ń bómi lọ.
Ta ló ń jíṣẹ́ fún? Kò sẹ́ni tó bi í.
Èmi gan-an, ẹ̀rín ni mo rín.

Ìlà búlúù ń fà lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín.
Mo tẹjú mọ́ àlàfo àárín ẹ̀rọ méjèèjì:
tábìlì ìgbọ̀nwọ́ kan, ife tíì Ṣódípọ̀,
eṣinṣin kan fò gba ibẹ̀ kọjá, kò mọ ẹni tó pàdé.
Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni.
Igba ẹyin ń kọjá lófuurufú,
n kò rí igbá, n kò rí ọwọ́ tó gbé e.

Ó dé mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná lọ.
Kọ̀ǹpútà mi, tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti èṣín, ṣú.
Ṣódípọ̀ ò bú ẹnikẹ́ni.
Ó jáde, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
“Èyí tó dé ti dé. Èyí tó kù la ó tún pè.”

Kí a tó pè é, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó dé.
Ọjọ́ Ẹtì. Ẹsẹ̀ márùn-ún, ó ń gòkè.
Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ pa.
Bàtà rẹ̀ lórí òkúta. Ikọ́. Fèrè rélùwéè lókèèrè.
Obìnrin kan ní: “Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?”
“Ọmọ mi ni. Etí odò nílé rẹ̀ wà.
Bí omi bá fẹ́ kún, kó tètè mọ̀.”

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́.
Ó rò pé sísọ ọ́ ti tó.

“Àǹtí, ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?”
Mo ní kó dúró ná.
Mo ti fóònù náà síwájú, mo sún ife tíì kúrò lọ́nà,
títí òun àti kọ̀ǹpútà fi fara kanra,
bó tilẹ̀ ti sọ fún mi pé kò dìgbà náà.