Yíya Ọ̀nà

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo yà á sí,
ti èṣí ni, ṣùgbọ́n bébà rẹ̀ nípọn.
Bírò pupa fún ọ̀nà ọ̀dà, búlúù fún ti erùpẹ̀.
Láti Tákíè, mo gba Ìkòyí-Ilé lọ sí Ìgbẹ́tì,
mo kan Kíṣí, mo yà sí Ìgbòho,
mo sùn ní Ṣakí kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀
(orí àga ilé ni gbogbo oorun yìí).

Lásísì mẹkáníìkì lóṣòó ti máṣíìnì mi,
ó ń fi èékánná ha gíríìsì lára ṣéènì.
"Tíṣà, táǹkì kan kò gbé ẹnikẹ́ni dé Pàrákù láti ibí.
Kẹ́ẹ̀gì lẹ máa gbé. Ẹ so ó mọ́ òsì,
ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, epo àti iná kì í jẹ nínú àwo kan."
Mo kọ ọ́: kẹ́ẹ̀gì, òsì.
Mo kọ túùbù méjì, púlọ́ọ̀gì kan, àti sòlúṣàn.
Mo kọ owó ẹnu ibodè.
Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ ní ìlọ́po méjì.

Ìyá Yẹndí ń bẹ mángòrò lẹ́nu ilẹ̀kùn,
èèpo ń gùn bọ̀ nílẹ̀, kò já.
Ìyá ìyá mi ni. Yẹndí ní Gáná ni wọ́n bí i sí,
bàbá rẹ̀ ń ta abọ́ tánganran níbẹ̀
títí ìjọba fi ní kí àlejò palẹ̀ mọ́,
ọ̀sẹ̀ méjì.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà.
Wọ́n ní ilé ni àwọn ń lọ; kò rí ilé ọ̀hún rí.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba ọ̀nà tí mò ń yà yìí, bíbọ̀ sì ni.

Kò mọ orúkọ ọ̀nà, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló mọ̀:
kànga kan tí wọ́n ti ń ta omi fún wọn bí ẹní ń ta oògùn,
àwọn ilé róbótó tí òrùlé bo ojú wọn bí akẹtẹ̀.
"Nítòsí Kárà, igi òrí kan wà lápá òsì,
ó tẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀.
Ibẹ̀ la gbé Ọláníhùn sí. Kò tíì hu eyín."

Tíṣà ìṣirò ni mí. Mo ní: bíbọ̀ ni tirẹ̀, lílọ ni tèmi,
òsì rẹ̀, ọ̀tún mi nìyẹn;
òkè tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, èmi á pọ́n ọn.
Òru mẹ́ta ni mo fi yí gbogbo rẹ̀ po,
mo fi pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ igi òrí: ọ̀tún.

Mo kà á sí i létí.

"Ọ̀tún kẹ̀?" Ọ̀bẹ dúró.
"Ta ló sọ fún ọ pé iwájú ni mo kọjú sí?
Orí ẹrù ni mo wà. Mo kẹ́yìn sí dẹ́rẹ́bà.
Yẹndí ni mo ń wò,
mo wò ó títí eruku fi gbà á lójú mi,
mi ò sì yíjú padà títí wọ́n fi já wa sílẹ̀ nílé yín yìí."

Ilé yín.

Á jẹ́ pé òsì rẹ̀ ni òsì mi láti ìbẹ̀rẹ̀.
Mo fẹ́ pa ọ̀tún rẹ́, bírò kì í parẹ́,
mo ha á, mo tún ha á,
ọ̀nà tí mo yà, ó ya.
Lásísì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò mí láti inú rẹ̀:
"Tíṣà, ihò lẹ fi sí Kárà."

Ìyá Yẹndí nu omi mángòrò ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.
"Kẹ́ẹ̀gì epo yẹn, apá wo lẹ ní ẹ máa so ó mọ́?"
"Òsì, Mámà."
"Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."
Lásísì fẹ́ sọ̀rọ̀ iná, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà,
ó wo ojú ìyá, ó dákẹ́,
ó dìde lọ wá okùn tí yóò gba iwájú.