Dáìsì Kan Láàárín Ilé Méjì

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi ní Gáà Àkàńbí
la ti ń ta ayò ìtàn wa lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀,
bí wọ́n bá ti kírun ìṣái tán.
Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì méjì, wàrà díndín nínú abọ́,
ìwé òfin tí mo fi ẹ̀rọ mi dà kọ,
tí mo fi wáyà dì lẹ́yìn bí egungun ẹja,
àti dáìsì olójú ogún,
ẹyọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní gbogbo Ìlọrin.

Èmi ni mò ń tukọ̀ ìtàn.
Àmúdà ń ṣe olè tó ń bẹ̀rù òkùnkùn.
Ọlọ́runtọ́ba ará Ọ̀mù-Àrán ń ṣe oníṣègùn tí kò mọ ewé.
Múínátù, télọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,
ló ni Àwẹ̀ró Ẹlẹ́ṣin.

Ọdún mẹ́rin ni Àwẹ̀ró fi gun ẹṣin láàárín wa.
A mọ ohùn rẹ̀. A mọ ohun tí kì í jẹ.
Lóru ọjọ́ kan, lórí afárá tí mo fi ẹnu lásán kọ́,
ọfà bà á. Ẹ̀mí rẹ̀ di òdo.
Òfin wa kò ní àlàyé: òdo dé, ikú dé.
Èmi ni mo kà á sókè.
Múínátù ká tépù ìwọnṣọ rẹ̀ mọ́ ìka,
ó ní, "Ó dáa," ó gbalé lọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi rí i.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun wọ̀lú,
Ọlọ́runtọ́ba ló gbé e ti Àbújá bọ̀,
bébà rẹ̀ ń dán bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ.
A ṣí i wò:
ẹni tó bá dé òdo kò tíì kú, ìwé wí,
kó ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
bí ẹ̀ẹ̀mejì bá lé ní mẹ́wàá, kó dìde.

Kò sẹ́ni tó wo Múínátù lójú.
Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì nìkan ló ń mí.

Àmúdà ní, "Òfin tó ń jí òkú, òfin ọmọdé ni."
Ọlọ́runtọ́ba ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ikú jù.
Ṣé torí pé ẹ jìyà, kí ará ẹ̀yìn náà ṣe jìyà?"
Ọ̀rọ̀ kúrò lórí ayò, ó dórí gbèsè,
ó dórí ẹni tí kì í dá owó wàrà,
ó dórí ta ló kọ́kọ́ pe ta ni ará oko.
Ká tó fura, bẹ́ǹṣì kan ti gba Tankẹ lọ,
Múínátù wà lórí rẹ̀.
Wọ́n ń pè wá ní Ará-Àtijọ́,
àwa ń pè wọ́n ní Ajíǹde.

Ṣùgbọ́n dáìsì kò gbọ́ ìjà.
Jímọ̀ jẹ́ tiwa, Sátidé jẹ́ tiwọn;
ọlọ́kadà kan ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀
nínú ike oògùn.
Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá òkúta iyebíye ni.
Mo ní rárá o,
eyín kan tí ẹbí méjì jọ fi ń jẹun ni.

Lánàá, ike náà dé, bébà wà nínú rẹ̀,
ìdajì ojú ewé ìwé ìwọnṣọ.
Ọwọ́ Múínátù ni, mo mọ bó ṣe ń kọ méje.
"Àwẹ̀ró," ló kọ sókè.
"Àkọ́kọ́: 17.
Ìkejì: 4.
Ìkẹta:"
Bébà funfun ló kù.

Mo ti ilẹ̀kùn.
Èmi tí mo búra lójú Àmúdà
pé n kò ní fọwọ́ kan òfin Ajíǹde láé,
mo mi ike náà lẹ́bàá etí,
mo jù ú.
Iná lọ.
Mo gbọ́ ọ tó ń yí lórí pákó, mo gbọ́ ọ nílẹ̀,
ó kọlu irin ẹ̀rọ, ó dákẹ́ síbìkan.

Tọ́ọ̀ṣì wà lápò mi.
N kò tíì tàn án.