Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀rọ

Ní Àtìkorí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn ilé wa,
bàbá mi ní ẹ̀rọ kan tó ń rin ẹ̀gẹ́.
Kẹ̀kẹ́ ńlá lára ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ́ kékeré lára ìrin,
bẹ́líìtì dúdú kan ló so wọ́n pọ̀
bí okùn tó so ewúrẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀.

Mo wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀.
Tíṣà Ọ̀nàgorúwà kọ lẹ́tà kan sára pátákó,
ó rí bí ìdí ọmọdé tó jókòó sínú iyanrìn;
ó ní ìyára yíyí nìyẹn.
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
N kò mọ̀ pé ilé wa ni lẹ́tà náà ń gbé,
pé láti kékeré ló ti ń pariwo sí mi létí.

Ní Sátidé, kí ẹ́ńjìnnì tó jí,
mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì méjì sára kẹ̀kẹ́ ńlá:
ọ̀kan nítòsí ìdodo rẹ̀, ọ̀kan ní etí pátápátá.
Mo fọwọ́ yí i, jẹ́ẹ́jẹ́.
Wọ́n jọ gbéra, wọ́n jọ padà dé.
Ti ìdodo rìn bí ẹni tó yà sẹ́yìnkùlé,
ti etí rìn bí ẹni tó lọ sí Orù tó bọ̀,
síbẹ̀ kò sí èyí tó dúró de ìkejì.

Mo já òwú, mo wọ̀n ọ́n láti àárín dé etí,
mo wá ń tẹ́ ẹ yí etí kẹ̀kẹ́ ká, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà,
àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù, ó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin òwú.
Mo já òwú mìíràn fún kẹ̀kẹ́ kékeré:
ẹ̀fà, àti àyè díẹ̀ náà.
Mo wọn ọmọrí ìkòkò ìyá mi:
ẹ̀fà, àti àyè díẹ̀ náà.
Òwú gùn o, òwú kúrú o, àyè yẹn kò yẹ̀.
Ta ló fi í síbẹ̀? N kò rí ẹni bi.

Bàbá dé. "Mosúnmọ́lá, kí lo sọ nù sára ẹ̀rọ mi?"
Mo ní, "Bàbá, bí ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀melòó ni kékeré ń yí?"
Kò tilẹ̀ wò ó. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."
"Ta ló sọ fún yín?"
"Bẹ́líìtì." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ oníka mẹ́rin.
"Bó ṣe ń gba ara ńlá kọjá ló ń gba ara kékeré kọjá,
kì í sáré fún ọ̀kan kó máa rìn fún èkejì.
Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ni yóò gbé e lọ́pọ̀ ìgbà.
Àbí o ti gbàgbé ìgbà tí mò ń mú ọ lọ sóko?"

Ó fi irin yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó ké.
Àmì ṣọ́ọ̀kì méjì di òrùka funfun méjì.

Ìyá Efúnyẹlá sọ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀,
ó wò mí, ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi.
"Ọmọ ilé ìwé, èló ni yíyí kan?"
Ẹgbẹ̀ta yíyí ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ́ńjìnnì;
agbọ̀n kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin; owó rẹ̀, ọgọ́ta kọ́bọ̀.
Mo ṣírò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú igi.
"Ogójì yíyí ni fún kọ́bọ̀ kan, Ìyá."
Ó ronú díẹ̀. "Ó wọ́n.
Ẹ fi mẹ́wàá ṣe èènì fún mi."

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ tán, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì.
Kẹ̀kẹ́ kò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó ń yí lọ, ariwo ti tán, ó ṣì ń yí lọ,
òrùka funfun méjì ń já sí wẹ́wẹ́,
títí ojú mi fi tún rí àmì, tí mo lè kà á:
méje, mẹ́jọ,
mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìnira,
ẹ̀kẹwàá kò pé.
"Ìyá Efúnyẹlá," ni Bàbá wí, "ẹ gba èènì yín."
Obìnrin náà ti gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó ń bínú lọ,
ó ní ó ku ìdajì.