Èérún Àlà

Lẹ́yìn ọsibítù Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtù,
níbi tí ọ̀gbàrá ti máa ń jí bàtà ọmọléèwé gbé,
Àáfà Bùráímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan
tí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun méjì lọ.
Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, búrẹ́dì àná nínú ọ̀rá,
àti ìdì aṣọ funfun tó fẹ̀yìn ti ògiri
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún ní àga.

Òkú tí kò lẹ́ni, Àáfà ló ni ín.
Ẹni tí mọ́tò gbá ní Ìwó Ródù
tí fóònù rẹ̀ ti dọwọ́ olè kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ;
alábàárù tó sùn sẹ́yìn ìsọ̀ ní Ọjà Ọba tí kò jí.
Nọ́ọ̀sì á ránṣẹ́: "Àáfà, ọ̀kan tún dé o."
Òun náà á mú àlùmọ́gàjí, á gé aṣọ.
Kì í béèrè ẹ̀sìn.
"Ẹni tó ti dákẹ́, ẹ má fi ìbéèrè dà á láàmú.
Ẹni tó dá a mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé."

Ìyá Ìjọ Fébè, ará Òkè-Àrẹ̀mọ,
ló ń ra ọṣẹ àti kànìnkànìn tí wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n.
Wọ́n máa ń jà, àwọn méjèèjì.
Ìjà owó ni o, kì í ṣe ti ẹ̀sìn.
"Àáfà, ẹ tún ti jẹ gbèsè aṣọ!"
"Ìyá Ìjọ, òkú kì í dúró de owó oṣù."

Èyí tó bá ṣẹ́kù létí aṣọ, kì í dà á nù.
Ìka mẹ́rin níhìn-ín, ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ́hùn-ún,
ó ń rán an ní fìlà ìkókó.
Ìyá Ìjọ á kó wọn sí agbọ̀n, ó di ilé ìgbẹ̀bí,
ó di ọ̀dọ̀ àwọn tí gbèsè so mọ́ bẹ́ẹ̀dì,
tí wọ́n ti bímọ láti ọjọ́ kẹtàlá
tí ọmọ ò tíì mọ bí oòrùn ṣe rí.

Ìyá mi wà lára wọn.
Ó gba fìlà, ó dúpẹ́,
ó fi bo àwújẹ̀ mi tó ń mí.
Ìgbà tí ẹnìkan sọ ibi tí aṣọ ti wá,
ó kígbe, ó já a kúrò lórí mi,
ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ju ejò.
Lóru, ọyẹ́ gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọlé.
Ó wò mí. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Kò sọ ohun tó rò fún mi rí,
ó kàn ní, "Ọyẹ́ ò mọ èèwọ̀."

Ọjọ́ tí Àáfà kú, a wá aṣọ dé ìdí ẹ̀rọ.
Kò sí. Ó ti gé èyí tó kẹ́yìn lánàá
fún ẹnìkan tí a ò mọ̀.
Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé,
láti Mọ́kọ́lá, láti Màpó, láti Bódìjà pàápàá,
fìlà kéékèèké lọ́wọ́ wọn,
èyí tó ti pọ́n bí eyín arúgbó,
èyí tí epo ti kán sí.
"Ẹ rán an pọ̀, ẹ fi dì í."
Lèmọ́mù mi orí: "A kì í to àkísà fún ẹni rere. Ẹ ra tuntun."
Ìyá Ìjọ tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó,
ó ń kùn bí ẹni bínú:
"Gbèsè aṣọ, Àáfà. Títí dòní."

Fìlà wà nínú agbọ̀n lọ́dọ̀ mi.
Lówùúrọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́: "Ọ̀kan tún dé o."
Kò sọ bóyá èyí tó ń lọ ni,
tàbí èyí tó ń bọ̀.
Mo gbé agbọ̀n. Mo mú àlùmọ́gàjí.
N ò tíì mọ òwú í ki bọ ojú abẹ́rẹ́.